Ìrẹsì òkèèrè: a ti jáwọ́ níbẹ̀ ni, àbí ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé?

Olóko-Àkùrọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìrẹsì, ká fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gbòmìnira ní 1960, ìrẹsì tí à ń rà láti òkè òkun kò tó 10,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Oúnjẹ ọdún àti ti ọjọ́ Àìkú ni. Lẹ́yìn náà ni owó epo dé, owó Udoji, àfikún owó oṣù, bọ́ sápò òṣìṣẹ́, náírà le ju dọ́là lọ, ìrẹsì Amẹ́ríkà sì di oúnjẹ ojoojúmọ́. Kí 1980 tó pé, ó ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù. Ìjọba Babangida fòfin dè é ní 1985. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1995, wọ́n gbé owó ìbodè lé e. Ní 2008 tí oúnjẹ wọ́n káàkiri ayé, wọ́n yọ owó ìbodè náà fún oṣù díẹ̀. Ní 2013, nígbà tí Adesina jẹ́ mínísítà, ó gòkè dé ìdá 110 nínú 100. Ní 2015, CBN ní àwọn ò ta dọ́là fún oníṣòwò ìrẹsì mọ́. Oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti bodè. Oṣù Kejìlá 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Oṣù Kẹwàá 2023, CBN gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí dọ́là. 2024, wọ́n tún kéde 150 ọjọ́ tí ìrẹsì yóò wọlé láìsan owó ìbodè.

Ìbéèrè mi kò pọ̀: nínú gbogbo èyí, èwo ló dín ìrẹsì òkèèrè kù ní tòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye gbè é lẹ́sẹ̀.

TiBodèPa:
Bodè títì ni. Ohun tí 2019 ṣe fún àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí, kò sí ètò ìjọba kankan tó ṣe é rí. Ẹ tún un tì.

Jọ̀lọ́ọ̀fù-Ò-Mẹ̀yà:
Ìlà kejì ni mo kà dé. Ẹ ní oúnjẹ ọjọ́ Àìkú ni tẹ́lẹ̀? Ẹ dá a padà síbẹ̀ wéré. Àpò kan á bá ilé kan dé Iléyá 😂

Ìyá-Kóńgò:
Ẹ̀yin ń ka ọdún, ẹ ò ka òkúta. Oníbàárà tó bá rún òkúta lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan nínú ìrẹsì Nàìjíríà kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Ó máa ní, "Màmá, ẹ wọn Thailand fún mi." Kò sí òfin tí ìjọba máa ṣe tó máa dènà ẹ̀.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
@Ìyá-Kóńgò Màmá, ẹ kú ọjà. Òkúta kì í hù nínú ìrẹsì, ilẹ̀ ló ti ń bá a bọ̀. Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti lù ú dípò orí tapólì. Etí títì ọlọ́dà ni wọ́n sá a sí, mọ́tò ń ta yanrìn sí i. Nígbà tí wọ́n wá ń kó o, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi gbá a jọ. Destoner ń fi afẹ́fẹ́ àti mímì ya òkúta sọ́tọ̀ torí pé òkúta wúwo ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Mílì tó bá ní méjì, ọ̀kan kí wọ́n tó bó pádì (ìrẹsì tí èèpo ṣì wà lára ẹ̀), ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bó o tán, eyín oníbàárà yín á sinmi. Engelberg, ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́nu kan tó wà lábúlé, kò ní ìkankan. Ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀ náà ló ń jáde nídìí rẹ̀.

Akọ̀wé-Iye:
Olóko ní ká mú iye wá, ó dáa. Ní 2014, Thailand ta ju mílíọ̀nù 1.2 tọ́ọ̀nù ìrẹsì fún Nàìjíríà tààrà. Ní 2017, ó ti já wálẹ̀ sí bíi 23,000. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á lu ìlù, á jó. Ṣùgbọ́n ní 2017 yẹn kan náà, orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà ra bíi mílíọ̀nù 1.8 tọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Thailand. Èèyàn Benin nígbà náà ò ju bíi mílíọ̀nù 11 lọ. Ẹ pín in: ju kílò 160 fún orí kọ̀ọ̀kan, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó. Nàìjíríà tí à ń pè ní ajẹ̀rẹsì, bíi kílò 30 lórí ẹnì kan lọ́dún ni.

Jọ̀lọ́ọ̀fù-Ò-Mẹ̀yà:
Kílò 160! Ẹ̀yin ará Benin, ẹ rọra o. Ikùn ni àbí ilé ìkẹ́rù?

Ará-Àjàṣẹ́:
Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìrẹsì funfun tí wọn ò bọ̀ ni àwa ń jẹ níbí. Ìrẹsì bíbọ̀ aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ti yín ni. Ọkọ̀ òkun tó bá já a sí Kútọnu, orúkọ wa ló wà nínú ìwé, ẹnu yín ló ń lọ. Ìjọba wa sì mọ̀. Kété lẹ́yìn tí tiyín di 110, àwọn sọ owó ìbodè tiwọn kalẹ̀ láti 35 sí 7 nínú 100 ní 2014. Ẹ rò pé àánú wa ló ṣe wọ́n?

TiBodèPa:
Ẹ̀yin náà ti fẹnu yín sọ ọ́. ẸNUBODÈ NI Ẹ̀RỌ̀ GBOGBO Ẹ̀.

Ọmọ-Ìdí-Ìrókò:
@TiBodèPa Ojú títì ni wọ́n tì, ní Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò. Ta ló ti igbó? Láti Ìgólò títí dé apá Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ kò lóǹkà, omi Badagry sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí fàyàwọ́ ṣe ń ṣírò ọjà ẹ̀. Wọn ò gbé ọkọ̀ àjàgbé wọ inú igbó. Ìrẹsì náà á pín wẹ́wẹ́: ọ̀kadà tí wọ́n ti fi irin gbà lẹ́yìn, mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yọ àga ẹ̀yìn ẹ̀, tí wọ́n kún sípíríǹgì sí i lábẹ́ kó má baà tẹ̀. Owó ọlọ́kadà, owó ilé ìkẹ́rù, owó ojú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ á jókòó lórí àpò. Bí ìyàtọ̀ iye owó Kútọnu sí ti Èkó bá ti ju àròpọ̀ owó wọ̀nyẹn, ìrẹsì á rìn. Bí wọ́n bá ti bodè, owó ojú ọ̀nà ló ń gòkè. Àpò tó wà ní bíi ₦14,000 sí ₦16,000 kí wọ́n tó ti bodè ti ju ₦20,000 lọ kí 2019 tó parí. Ìyàtọ̀ tún wá fẹ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé títì náà ló tún ń sanwó fún fàyàwọ́?

TiBodèPa:
Wọn ò tì í dáadáa ni.

Olóko-Àkùrọ̀:
@Ọmọ-Ìdí-Ìrókò Ẹ ṣé, ohun tí mò ń wá nìyí. Tí dọ́là bá wá gòkè ńkọ́? Náírà tó já ní Oṣù Kẹfà 2023, Íńdíà tó fi ìdá 20 lé ìrẹsì bíbọ̀ tó ń jáde ní Oṣù Kẹjọ 2023, ṣé àwọn wọ̀nyẹn ò dá fàyàwọ́ dúró ju aṣọ́bodè lọ?

Ọmọ-Ìdí-Ìrókò:
Wọ́n dín in kù díẹ̀. CFA, owó Benin, ni wọ́n fi ń rà á ní Kútọnu. Bí CFA bá gbowó lórí lọ́dọ̀ wa, àpò Thailand ò ní pọ́ ju tiwa lọ mọ́. Ṣùgbọ́n pádì tiwa náà wọ́n lọ́dún yẹn, ajílẹ̀ wọ́n, díísù wọ́n. Àwọn méjèèjì jọ gòkè ni.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Gbogbo ariwo yìí, ẹ ò tíì dárúkọ Ọ̀fàdà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrẹsì àwọn bàbá wa wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ti Ìgbẹ̀mọ wà ní Èkìtì, ẹ̀ ń fi CFA díje. Ká jẹ tiwa, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
@Agbára-Ọ̀fàdà Ọ̀fàdà dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òórùn tó ń lé èèyàn yẹn, omi tútù ló fà á. Ọjọ́ mẹ́ta, nígbà míì ọjọ́ márùn-ún, ni wọ́n ń rẹ pádì sínú omi tútù láìpààrọ̀ ẹ̀, omi á kan, ìrẹsì á fà á mu. Bó ṣe yẹ kí wọ́n bọ̀ ọ́ rèé. Ẹ fọ pádì, ẹ da èyí tó bá léfòó nù torí òfìfo ni. Ẹ gbé omi kaná dé bíi 85°C, ẹ da pádì sí i, ooru ẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 70°C. Ẹ pa iná, ẹ dé e. Wákàtí 5 sí 6 ti tó. Ẹ ro omi ẹ̀ nù, ẹ wá gbé e sínú ìkòkò alásẹ́ kí omi má kàn án, kí ooru nìkan máa là á kọjá fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí èèpo bá ti ń lanu díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́. Bó bá lanu tán, ìrẹsì ti jinná jù, á máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Ta ló sọ fún ẹ pé òórùn náà ń lé èèyàn? Òórùn yẹn gan-an ni ọjà. Ẹni tó ra Ọ̀fàdà tí wọ́n dì sínú ewé, tó fi ayamáṣe gbé e, òórùn ẹ̀ ló sanwó fún. Fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, kí ni yóò yà á sọ́tọ̀ sí ìrẹsì àpò?

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Àwọn tó ń fi ewé jẹ ẹ́ mélòó ni? Orílẹ̀-èdè tó ń jẹ bíi mílíọ̀nù 7 tọ́ọ̀nù lọ́dún là ń sọ. Ìyá tó ń se ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù fún ayẹyẹ kò lè fi ìrẹsì tó ń kan sè é.

Agbára-Ọ̀fàdà:
"Tó ń kan." Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Ògùn. Ó ní ìrẹsì yín ń kan.

Jọ̀lọ́ọ̀fù-Ò-Mẹ̀yà:
Wọ́n ti dárúkọ mi. Mo ti jókòó o, ẹ máa bá a lọ 🍿

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
@Agbára-Ọ̀fàdà Mi ò sọ̀rọ̀ sí ìlú kankan. Omi ni mo sọ̀rọ̀ sí. Ẹ pààrọ̀ omi ní àràárọ̀, òórùn á dín kù, adùn á ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ òórùn kó fi sílẹ̀, kó kọ ọ́ sára àpò. Ohun tí kò dáa ni pé àpò òní ń rùn, tọ̀la ò rùn, tọ̀túnla tún ní òkúta. Àpò Thailand mẹ́wàá, ẹyọ wọn rí bákan náà. Ìyẹn ni Màmá yìí ń tà.

Ìyá-Kóńgò:
Ó sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Màmá, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ta ìrẹsì fàyàwọ́?

Ìyá-Kóńgò:
Ọmọ mi, ohun tí wọ́n bá rà ni mò ń tà. Bí Ọ̀fàdà rẹ bá pọ̀, gbé àpò 100 wá sọ́jà lóṣù yìí. Gbé 100 wá lóṣù tó ń bọ̀. Kí ẹyọ ẹ̀ rí bákan náà. Ṣé o lè ṣe é?

Akọ̀wé-Iye:
Kò lè ṣe é, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń gbin púpọ̀ nínú Ọ̀fàdà, òjò nìkan ló gbójú lé, ìkórè kan lọ́dún. Àpapọ̀ ìrẹsì Nàìjíríà, bíi tọ́ọ̀nù 2 pádì lórí hẹ́kítà kan ni. Níbi tí omi bá wà bíi Kano River tàbí Hadejia, ó lè di 4 sí 5, ẹ sì lè gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá fi wé ilé ẹ̀rọ Ìmọ́ta ní Ìkòròdú tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kìíní 2023. Tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, mílíọ̀nù 2.8 àpò 50kg lọ́dún tó bá ṣiṣẹ́ tẹ́rùn. Ìyẹn jẹ́ 140,000 tọ́ọ̀nù ìrẹsì. Bí ìdá 65 nínú 100 pádì bá ń di ìrẹsì, ó ń fẹ́ bíi 215,000 tọ́ọ̀nù pádì. Ọkọ̀ àjàgbé 30 tọ́ọ̀nù, bíi 20 lójoojúmọ́, láìsinmi Àìkú, láìsinmi Iléyá. Ní tọ́ọ̀nù 4 lórí hẹ́kítà, bíi 54,000 hẹ́kítà. Ẹ fi hàn mí níbi tí Èkó máa ti rí ilẹ̀ yẹn.

TiBodèPa:
Ẹ ti bodè, pádì á wá fúnra ẹ̀.

Akọ̀wé-Iye:
Láti ibo? Kebbi jìnnà sí Ìkòròdú ju Kútọnu lọ!

Olóko-Àkùrọ̀:
Ọ̀rọ̀ oko ló kù báyìí. FARO 44, irúgbìn ìrẹsì kan, ń pọ́n ní bíi ọjọ́ 110 sí 120. Nọ́sìrì ọjọ́ 21, ẹ lọ gbìn ín ní 20cm sí 20cm nínú àkùrọ̀. Hẹ́kítà kan ń fẹ́ àpò 4 ajílẹ̀ NPK 15-15-15 níbẹ̀rẹ̀, àpò 2 ùríà tí ẹ máa pín sí méjì: ọ̀kan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn, ọ̀kan nígbà tí ó bá fẹ́ lóyún. Àgbẹ̀ tí kò lówó ń fi àpò 2 NPK ṣe gbogbo ẹ̀, ó tún fi ùríà sílẹ̀ títí ìrẹsì á fi yọ orí. Nígbà yẹn, ewé ni ùríà ń bọ́. Ìdí tí a fi wà ní tọ́ọ̀nù 2 nìyẹn. Kí ẹ tó wá kórè, ẹyẹ tí Hausa ń pè ní jan baki ti dé. Agbo ẹ̀ kan lè jẹ oko tán kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Ẹ̀gbọ́n Olóko, ẹ fi ìgbà ìkórè kún un. Bí ìdá 80 sí 85 nínú orí ìrẹsì bá ti pọ́n, ẹ gé e. Omi inú ẹ̀ á wà ní bíi ìdá 20 sí 22. Ẹni tó bá dúró kó gbẹ lórí igi, oòrùn ọ̀sán ń là á, ìrì òru ń rẹ ẹ́, ẹyọ á ti sán nínú èèpo kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn bíbọ̀: bí ẹ bá tẹ́ ẹ sí oòrùn gangan láti tútù títí dé gbígbẹ, ó ń sán. Ẹ sá a sóòrùn díẹ̀, ẹ kó o sábẹ́ ibòji títí á fi dé ìdá 13 sí 14, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tó wọ ẹ̀rọ. Wọ́n á sọ pé mílì ló fọ́ ìrẹsì. Ó ti fọ́ kó tó dé mílì.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi máa ń jẹ́ ti àgbẹ̀. Mílì ò ní ẹ̀bi rí. Rọ́bà ẹ̀rọ yín tó ti jẹ tán tí ẹ ò pààrọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Rọ́bà tó jẹ kì í fọ́ ìrẹsì, ó ń fi èèpo sílẹ̀ lára ẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá fún un mọ́ra jù torí kó lè bó, ìyẹn ló ń fọ́ ọ. Nǹkan méjì ni. Ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ kí ẹ tó sọ ọ́.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Ṣé o ti rí i? Ó gbà pé àwọn ń fọ́ ọ!

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Mo gbà pé wèrè wà níbi gbogbo. Kí ẹ tiẹ̀ gbọ́: apá kan nínú ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìrẹsì àwọn bàbá yín, OS6 ni. FARO 11 ni orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Láti Kóńgò ni wọ́n ti mú un wá.

Jọ̀lọ́ọ̀fù-Ò-Mẹ̀yà:
Kóńgò wo? Ti Màmá wa yìí? 😂😂

Ìyá-Kóńgò:
Ẹ yọ mí kúrò nínú ìjà yín. Kóńgò tèmi pé.

Ọmọ-Ìdí-Ìrókò:
Èyí tí ìdí ẹ̀ ò tíì gba òòlù rí ni, àbí èyí tí wọ́n ti lù wọlé? 😂

Ìyá-Kóńgò:
Ìwọ ọmọ yìí, gbé ìwọ̀n wá. Kóńgò tó bá pé ń gba bíi kílò kan ààbọ̀ ìrẹsì. Àpò 50kg á mú bíi 33 jáde. Ẹni tó bá ní òun mú 38 jáde, ìdí kóńgò ẹ̀ ni kí o wò. Ìrẹsì fífọ́ sì máa ń dì mọ́ra nínú kóńgò, ó wúwo ju odidi lọ, kì í mú tó 33 jáde. Ìdí tí a ò fi fẹ́ràn àpò tó fọ́ púpọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ ń sọ pé àwa alátùtà ò fẹ́ràn ti ìlú wa.

Agbára-Ọ̀fàdà:
@Ẹ̀rọ-Kò-Sùn Ìrẹsì tó bá pé nínú ilẹ̀ wa ti di tiwa. Ẹ̀gẹ́ wá láti ibo? Àgbàdo wá láti ibo? Ṣé ẹ̀yin á dá wọn padà?

Bàbá-Tó-Kàn-Ń-Kọjá:
Mo kà pé wọ́n ní ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ti wa? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gàrí Ìjẹ̀bú ńkọ́?

Olóko-Àkùrọ̀:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni.

Bàbá-Tó-Kàn-Ń-Kọjá:
Gàrí kì í ní òkúta.

Jọ̀lọ́ọ̀fù-Ò-Mẹ̀yà:
Bàbá borí. Ẹ ti ìjíròrò pa.

TiBodèPa:
BODÈ NI KÍ Ẹ TÌ PA.

Akọ̀wé-Iye:
Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ owó yíyá Anchor Borrowers tí wọ́n ṣí ní Kebbi ní Oṣù Kọkànlá 2015. Òun ló sún mọ́ ìbéèrè Olóko jù. Àgbẹ̀ á gba irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó, á fi pádì san án padà fún ilé ẹ̀rọ tó dúró fún un, ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí. Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà ìkórè, bí iye ọjà bá ga ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, àgbẹ̀ á ta pádì fún oníṣòwò tó gbé owó wá sí etí oko, ilé ẹ̀rọ á dúró lófìfo, gbèsè á dúró. Ọ̀pọ̀ sì kà á sí ìpín tiwọn nínú owó ìjọba. Ìkún-omi 2022 wá gbá oko Kebbi àti Nasarawa lọ, kò sí ohun tí ẹ máa gbà padà lọ́wọ́ ẹni tí omi ti gbé oko ẹ̀.

Ọmọ-Ìdí-Ìrókò:
Òkìtì ìrẹsì tí wọ́n tò jọ ní Àbújá ní Oṣù Kìíní 2022 ńkọ́? Wọ́n ní Nàìjíríà ti yó.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Pádì ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn, ẹ̀gbọ́n. Pádì kì í kúnnú. Àpò 50kg ìrẹsì ń jẹ bíi kílò 77 pádì ní mílì tó dáa. Ní Engelberg, níbi tí ìdá 55 péré ti ń jáde, kílò 91 ni. Bí pádì bá jẹ́ ₦500 ní kílò kan, àpò kan ti fi ₦7,000 wọ́n ju àpò kejì lọ kí a tó ra díísù. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, àgbẹ̀ kan náà. Ẹ fi ₦7,000 yẹn dí fàyàwọ́ lọ́nà, kò ní rí ibi gbà.

Olóko-Àkùrọ̀:
Ẹ dúró. Ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé ẹ̀rọ ló máa dín ìrẹsì òkèèrè kù, pé kì í ṣe bodè?

Agbára-Ọ̀fàdà:
Ohun tó ń sọ ni pé kí gbogbo wa máa jẹ ìrẹsì tí ò lóòórùn.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
O ò ní fi òórùn sílẹ̀ lónìí.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Ìwọ lo kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ìwọ lo ní omi tútù ni àbùkù. Àwọn ìyá wa ń rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, kò sí ohun ìdíwọ̀n-ooru lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Ẹni tí kò bá ní ìdíwọ̀n-ooru, kó da omi híhó lé pádì, kó dé e di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dáa ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Igi ìdáná díẹ̀ náà ni. Kí ló wá le níbẹ̀?

Agbára-Ọ̀fàdà:
Igi ìdáná díẹ̀ lẹ́nu rẹ. Ìyá tó ń bọ àpò 10 lọ́sẹ̀, ó máa se omi lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rẹ ẹ́ àti nígbà tó bá fẹ́ fi ooru là á. Èló ni igi? Ta ló máa fún un lówó ẹ̀? Ìwọ? Iye tí wọ́n máa ra Ọ̀fàdà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní yí padà. Omi tútù, ọ̀fẹ́ ni.

Ará-Àjàṣẹ́:
Ibí yìí ó sọ òótọ́. Iye igi ló ń pinnu, kì í ṣe ìmọ̀. Bí oníbàárà ò bá san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa se omi.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Kí wọ́n fi èèpo ìrẹsì dáná. Ó kún ẹ̀yìn mílì gbogbo, iná ni wọ́n ń sun ún dànù sí. Ààrò tó ní afẹ́fẹ́ lábẹ́ ló ń fẹ́, torí èèpo kì í jó dáadáa nínú àdògán lásán, èéfín ló máa ṣe.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Ààrò náà ńkọ́, ọ̀fẹ́ ni?

Bàbá-Tó-Kàn-Ń-Kọjá:
Èèpo ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Kò sí ìnáwó níbẹ̀.

Jọ̀lọ́ọ̀fù-Ò-Mẹ̀yà:
Ẹ fi bàbá yìí ṣe mínísítà ọ̀gbìn.

Akọ̀wé-Iye:
Kí n fi èyí kún un fún Olóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. LAKE Rice, ti Èkó àti Kebbi, ní Oṣù Kejìlá 2016: ₦12,000 ni àpò 50kg nígbà tí ọjà ń tà á ní bíi ₦20,000. Èèyàn tò títí wọ́n fi rẹ̀. Ìrẹsì Nàìjíríà ni, wọ́n sì ń jà du ú. Ẹnu tó ní òun kò jẹ òkúta, kò sọ bẹ́ẹ̀ ní ₦12,000.

Ìyá-Kóńgò:
Torí ó pọ́ ni. Ìjọba ló fi owó tirẹ̀ kún un. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká fi ìjà sílẹ̀. Ìrẹsì tí ẹ fi omi gbígbóná bọ̀, tí destoner méjì àti colour sorter, ẹ̀rọ tó ń ṣa ẹyọ tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, ti yẹ̀ wò, èyí tí fífọ́ inú ẹ̀ ò ju ìdá 5 lọ. Mo fẹ́ 40 àpò 25kg. Ẹ lè fi ₦3,000 dín in sí Thailand lórí àpò kọ̀ọ̀kan?

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
Màmá, ₦1,500 ni mo lè dín. Ọ̀sán àtòru ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, díísù ò gbà.

Ìyá-Kóńgò:
₦1,500 ò ní gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣe é ní ₦2,500, kí ẹ gbé owó ọkọ̀.

Ẹ̀rọ-Kò-Sùn:
₦2,000, ẹ̀yin lẹ máa gbé owó ọkọ̀.

Agbára-Ọ̀fàdà:
Kó sọ fún yín bóyá pádì ọdún yìí ni, àbí tèṣí.